Ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ fídíò: káàdì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n tọ́jú

Nílé iṣẹ́ fídíò, yálà l'Ékòó, n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ̀òkúta, kámẹ́rà kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Káàdì ìrántí (ohun pélébé tí kámẹ́rà ń kọ fídíò sí) ni, bátìrì, wáyà, ọ̀pá máìkì àti bírò. Ọ̀pọ̀ a máa rò pé wọ́n kàn fẹ́ fìyà jẹ àwọn ni, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Bí ẹni tó di kámẹ́rà mú bá ṣi nǹkan yà, wọ́n lè tún un yà. Ṣùgbọ́n bí káàdì bá sọnù, tàbí tẹ́nì kan pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kó tó dórí hard drive, ó parí nìyẹn: ìyàwó ò ní tún ìgbéyàwó ṣe, òṣèré àgbà tí wọ́n sanwó ọjọ́ kan fún ò sì ní padà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ọkàn ọ̀gá bá balẹ̀ lé lórí káàdì ni kámẹ́rà ń tètè dé ọwọ́ rẹ̀.

Yíyan ibi iṣẹ́

Ilé iṣẹ́ tó ń ya òde àríyá, èyí tó ń ṣe ìpolówó ọjà, ẹ̀ka fídíò ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, àti àwọn tó ń ya fíìmù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni. Lóde àríyá, kò sí "ẹ jẹ́ ká tún un ṣe". Ojú rẹ á là, wàá sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú ohùn níbi tí onílù, alága ìdúró àti jẹnẹrétọ̀ ti jọ ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ló dáa jù láti fi kọ́ bí kámẹ́rà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, torí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni: ohun tó o ṣì ṣe lọ́jọ́ Àìkú yìí, wàá tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ìpolówó ń kọ́ni ní iná títò. Lórí fíìmù, ìlànà pọ̀, àìsùn náà sì pọ̀, àmọ́ èrò lè pọ̀ níbẹ̀ débi pé akẹ́kọ̀ọ́ á lo oṣù kan gbáko láìṣe ju kó gbé àga kó sì pín omi lọ. Fún ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí, ilé iṣẹ́ kékeré tí wọn ò ju mẹ́wàá lọ ló sàn jù. Níbẹ̀, iṣẹ́ á ju èèyàn lọ, wọ́n á sì fi dandan kọ́ ọ.

Kó o tó gbà láti bẹ̀rẹ̀, bi wọ́n ní tààràtà: ta ló ń sanwó ọkọ̀ tí iṣẹ́ bá parí lóru? Ṣé wàá lè jókòó ti editor lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò bá jáde? Ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé rẹ? Ṣé wọ́n á jẹ́ kó o fi díẹ̀ lára iṣẹ́ náà han àwọn olùkọ́ rẹ? Má fi ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí sílẹ̀ di ìgbà tó o bá fẹ́ máa lọ, torí oníbàárà ló sábà máa ń ni àwòrán, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì lè má láṣẹ láti fún ọ.

Bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ bá wà lábẹ́ SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ITF (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìkọ́ṣẹ́) dá sílẹ̀ ní 1973, gba lẹ́tà àti logbook (ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́) ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó o kí ilé ẹ̀kọ́ tó gba ìsinmi. Ojoojúmọ́ ni kó o máa kọ ọ́. Ẹni tó bá tò ó jọ di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ò ní rí nǹkan kọ ju "a lọ ya fídíò" lọ, ojú ìwé lójú ìwé, olùkọ́ ò sì ní pẹ́ mọ̀. Kọ irú kámẹ́rà, lẹ́ńsì, iye káàdì, ibi tẹ́ ẹ gbé iná sí, ohun tó dàrú àti bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe. Tó o bá ya àwòrán kékeré bí wọ́n ṣe to iná, kó o kọ wáàtì ìkọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ju àlàyé gígùn lọ.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àpò rẹ

Bàtà tó bo ẹsẹ̀, má wọ sílípáàsì síbi tí wáyà iná pọ̀ sí. Aṣọ dúdú, torí aṣọ funfun tàbí aṣọ aláràbarà máa ń hàn nínú gíláàsì, lára mọ́tò àti lára ìgò ọjà tí wọ́n ń ya. Tọ́ọ̀ṣì kékeré, bírò, máàkà, ìwé pélébé tó wọ àpò ṣòkòtò. Téèpù aláṣọ tí wọ́n ń pè ní gaffer: sẹlotéèpù máa ń fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lára nǹkan, ó sì máa ń ṣí tí oòrùn bá pa á. Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án ni ìsinmi gígùn sábà máa ń bọ́ sí, òjò ò sì ní dá ẹnikẹ́ni sí, nítorí náà mú ọ̀rá ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lè bo kámẹ́rà àti iná. Fi fóònù rẹ sí flight mode tí wọ́n bá ti ń yà. Kì í ṣe torí pé ó lè dún nìkan: ariwo gíríríkì tí fóònù máa ń fi sínú máìkì nígbà tó bá ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò ṣeé yọ kúrò.

Káàdì

Kọ́kọ́ mọ ìṣirò rẹ̀. Tí kámẹ́rà bá ń kọ 100 mégábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 12.5 mégábáìtì nìyẹn, èyí tó jẹ́ gígábáìtì 45 ní wákàtí kan. Káàdì 128 gígábáìtì á wá gba nǹkan bí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Tí wọ́n bá gbé e sí 200, pín in sí méjì. Ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń ya fídíò nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Má dúró kí káàdì kún láàárín ìgbà tí bàbá ìyàwó ń ṣàdúrà.

Ṣàyẹ̀wò ohun tó wà lára káàdì. V30 túmọ̀ sí pé kò ní kọ díẹ̀ ju 30 mégábáìtì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, V90 jẹ́ 90. Tí kámẹ́rà bá ń dá dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, káàdì tó ń falẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ayédèrú ló tún lè jẹ́: wọ́n á kọ 128 sí i lára, kó má ju 16 lọ nínú, gbogbo ohun tó bá sì kọjá 16 á kàn pòórá láìsọ nǹkan kan fún ẹ. Lo H2testw lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac, láti fi kọ káàdì tuntun kún kó o sì kà á padà kó tó wọ kámẹ́rà. Ó ń gba àkókò, àmọ́ fi í sílẹ̀ lóru.

Àpò káàdì méjì ni kó o ní, tàbí àpò kan tí téèpù pín sí méjì. Apá funfun fún èyí tó ṣófo, apá pupa fún èyí tó kún. Bí káàdì bá ti jáde nínú kámẹ́rà, ti ìdè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ SD náà sísàlẹ̀ kó má lè gba nǹkan mọ́, dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú àpò pupa, kó o sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti àkókò sínú ìwé. Má fi sápò ṣòkòtò, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì péré. Kí bátìrì tó kúrò nínú kámẹ́rà, wò ó bóyá iná pupa kékeré tó ń fi hàn pé ó ṣì ń kọ nǹkan ti kú. Ẹni tó bá yọ bátìrì nígbà tí iná náà ń ṣẹ́jú lè sọ fídíò tó gbẹ̀yìn di fáìlì tí kò ṣí. Tíyẹn bá ṣẹlẹ̀, dá káàdì náà padà sínú kámẹ́rà tó yà á kó o sì tan án. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà á béèrè bóyá kí àwọn tún un ṣe. Dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, má sì gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà kíyẹn tó parí.

Bó o bá fẹ́ kó o sórí hard drive, gbogbo inú káàdì ni kó o kó, má kàn ṣa fídíò nìkan. Nínú káàdì Sony, fódà PRIVATE ni M4ROOT wà, inú M4ROOT ni CLIP wà, àwọn fáìlì pélébé tó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò ló sì gbé ìsọfúnni kámẹ́rà dání. Nínú AVCHD (irú fáìlì tí àwọn kámẹ́rà kan fi ń pa fídíò mọ́), èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kámẹ́rà máa ń gé fídíò gígùn sí wẹ́wẹ́, ètò fódà yẹn ni editor sì nílò láti so wọ́n pọ̀. Bó o bá tú fódà ká, ohùn lè fò díẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e.

Copy ni kó o máa ṣe, má ṣe cut láé. Bí iná bá lọ nídìí cut, ìdajì á wà níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún. Orí laptop tí bátìrì rẹ̀ kún ni kó o ti ṣe é, kó o sì ti pa ètò tó ń mú kó sùn. Fífi ọwọ́ fa fódà láti ibì kan síbòmíràn kì í ṣàyẹ̀wò bóyá ohun tó dé bá ohun tó lọ mu. DaVinci Resolve tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Clone Tool lójú ewé Media rẹ̀: ó ń kó káàdì kan lọ sórí hard drive méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fi checksum (nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá ẹ̀dà bá ti àkọ́kọ́ mu) yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà náà, fi iye fáìlì àti iye báìtì méjèèjì wéra, kó o wá ṣí fídíò àkọ́kọ́, ọ̀kan láàárín àti èyí tó gbẹ̀yìn, kó o gbọ́ ohùn wọn dé ìparí.

Àkókò ni wọ́n máa ń ṣì ṣírò. Pẹ̀lú card reader USB 3 àti hard drive tó ń kọ nǹkan bí 100 mégábáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá, káàdì 128 tó kún á gba ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Pẹ̀lú USB 2, wákàtí kan gbáko ni. Wo wáyà rẹ dáadáa kó o tó sọ fún wọn pé "ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá".

Fún fódà lórúkọ tí gbogbo ènìyàn á lóye, láìsí àlàfo láàárín àti láìsí àmì ohùn, torí àwọn sọ́fítíwíà kan máa ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀: 20250719_IGBEYAWO_KAMA_01, lẹ́yìn náà KAMB_01 fún kámẹ́rà kejì. Ọdún ló máa ṣíwájú, oṣù tẹ̀ lé e, kí wọ́n lè tò ara wọn. Irú format tí wọ́n ń pè ní exFAT ni kí hard drive jẹ́ kó lè ṣí lórí Windows àti Mac. FAT32 ò lè gba fáìlì tó bá ju gígábáìtì 4 lọ. Àmọ́ exFAT ò fẹ́ kí wọ́n fa wáyà yọ lójijì, nítorí náà tẹ eject, kó o sì dúró kó dáhùn.

Òfin kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: kò sẹ́ni tó ń format káàdì (pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́) àyàfi tí ẹ̀dà méjì bá ti wà lórí hard drive méjì, tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí editor sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "mo ti rí i". Inú kámẹ́rà ni wọ́n ti ń format, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Kí hard drive méjèèjì má sì wọ mọ́tò kan náà lọ sílé. Bí ọ̀kan bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí èkejì bá ẹlòmíràn lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì format káàdì tí kò yẹ kó format, ẹ má fi ya nǹkan kan mọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ tì í, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Títí di ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan tuntun lé e lórí, ó ṣeé ṣe kí sọ́fítíwíà bíi PhotoRec rí púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà padà. Sọ fún ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó o bá fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lè jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tí kámẹ́rà fi ń kọ nǹkan lé e lórí.

Bátìrì àti iná mànàmáná

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ni wọ́n ń sáàjì bátìrì. Tí NEPA ò bá mú iná wá, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún un. Iye epo wákàtí méjì kéré sí ọjọ́ iṣẹ́ tó bàjẹ́. Fi máàkà kọ nọ́ńbà sára ìkọ̀ọ̀kan, kó o sì máa kọ èyí tó tètè ń kú sílẹ̀. Bátìrì tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà lè fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún hàn kó sì kú lójijì. Má fi bátìrì lithium sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn.

Lórí jẹnẹrétọ̀, ka wáàtì kí o tó so nǹkan mọ́ ọn. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA á gbé nǹkan bí 2,000 wáàtì; má kọjá 1,500 lórí rẹ̀. Iná LED méjì tó jẹ́ 300 wáàtì, laptop kan, sáàjà mẹ́ta, á gbé wọn láìsí wàhálà. Iná àtijọ́ aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní redhead, 800 wáàtì ni ọ̀kan ṣoṣo: tó o bá so méjì mọ́ ọn, o ti kọjá ààlà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń lo extension aláyìípo, tú gbogbo wáyà rẹ̀ jáde. Èyí tó bá ká jọ sínú rẹ̀ nígbà tí iná ńlá ń gba inú rẹ̀ kọjá á gbóná, ó sì lè yọ́. Pa jẹnẹrétọ̀ kó tutù kó o tó bu epo sí i. Má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìn fèrèsé bó ti wù kí òjò pọ̀ tó, èéfín rẹ̀ ń pani láìní òórùn tó lè ta ọ́ lólobó.

Ohùn

Tí fíìmù àgbéléwò bá máa ṣe àbùkù, ohùn ló sábà máa ń jẹ́. Òǹwòran á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, á yí i kúrò. Ọ̀pá máìkì sì ni iṣẹ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ jù, torí náà mọ̀ ọ́n.

48 kHz, 24 bit ni kó o gbé e sí. Ní kí òṣèré sọ gbólóhùn tó máa pariwo jù nínú ìran náà, má gbà kó kàn máa ka "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta" fún ọ. Jẹ́ kí ìyẹn kan nǹkan bíi −12 dB. Bí ó bá kan 0, ohùn ti ya, kò sì sí editor tó lè rán an. Ìran ẹkún àti oríkì ló ń tan ènìyàn jẹ, torí wọ́jẹ́wọ́jẹ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀rọ rẹ bá ní safety track tó ń gba ohùn kan náà ní ìwọ̀n tó kéré, tan án.

Ìta àwòrán gan-an ni orí máìkì gbọ́dọ̀ wà, kó wà lókè, kó dojú kọ àyà òṣèré. Bó bá ti jìnnà ju ìwọ̀n apá kan lọ, yàrá ni wàá máa gbọ́. Kí ìran tó bẹ̀rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó di kámẹ́rà mú ibi tí àwòrán parí sí lókè, sọ máìkì kalẹ̀ títí tó fi máa sọ pé ó ti wọlé, kó o wá gbé e padà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan á máa jágbe pé "boom!" mọ́ ẹ, má bínú, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Yàrá onítáìlì tí kò ní kọ́tìnì máa ń dáhùn padà: tẹ́ aṣọ ìbora nípọn sílẹ̀, kó o fi ọ̀kan kọ́ sára ògiri tí kámẹ́rà ò rí. Pa AC, fáànù àti fíríìjì. Fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ sínú fíríìjì náà: kò sí bó o ṣe fẹ́ máa lọ sílé láìrántí tan án padà. Jẹnẹrétọ̀ tó jìnnà tó àádọ́ta mítà tó sì wà lẹ́yìn ògiri sàn ju èyí tí wọ́n kàn fi aṣọ bò, èyí tí wọ́n bá bò tún lè gbiná. Òjò lórí páànù ò ní àtúnṣe, ẹ dúró, ẹ ya èyí tí kò lọ́rọ̀ nínú. Mọ àkókò ìrun ní mọ́ṣáláàṣì tó wà nítòsí, kó o sì sọ fún ẹni tó ń to ìran kó lè fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tó tú iná palẹ̀, gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ohùn yàrá náà lásán, kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́. Òun ni editor fi ń di àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n á máa kùn pé ilé ti ń pe àwọn. Gbà á síbẹ̀.

Máìkì kékeré tí wọ́n ń fi sára aṣọ ló tún ní ìyọnu tirẹ̀, ní pàtàkì pẹ̀lú aṣọ wa. Ẹni tó wọ agbádá kì í yé ká apá rẹ̀ lé èjìká, gbogbo ìgbà tó bá sì ká a ni aṣọ á gbo máìkì tó wà lójú àyà. Fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọrùn agbádá náà, níhà ọ̀fun, téèpù níwájú àti lẹ́yìn kí aṣọ kankan má rìn lórí rẹ̀, kó o ká wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí òrùka nísàlẹ̀ kó má baà fà. Fún ìyá tó wé gèlè, má fi há inú gèlè: gèlè líle máa ń dún pápápá tó bá yí orí. Ara bùbá ló yẹ, ṣùgbọ́n kó kúrò ní ibi tí iyùn máa ń dé nígbà tó bá tẹ̀ síwájú. Tí iyùn náà bá tò ní ìpele mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni kó o gbé e sí. Má kàn na ọwọ́ sí ara ẹnikẹ́ni. "Ẹ jọ̀ọ́ mọ́mì, mo fẹ́ fi máìkì yìí sára aṣọ yín," lẹ́yìn náà kí obìnrin bá obìnrin fi í. Pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ nígbà oúnjẹ ọ̀sán, kódà bó bá ṣì ku díẹ̀.

Lóde àríyá, tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí àlejò tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn kò ní ráyè tìẹ. Gba wáyà láti ara mixer rẹ̀ sínú recorder rẹ, kó o sì yí ojú tó wọlé sí line. Tó o bá fi sí mic, á ya láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mixer nìkan ò tó, kò ní ìlù àti ẹ̀rín nínú, nítorí náà gbé máìkì mìíràn sí ibi tí èrò wà. Ẹ kí onínáwó kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà nílé rẹ̀: "ẹ kú ìnáwó o". Wọ́n á fún ọ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dáa.

Nígbà tí kámẹ́rà bá dé ọwọ́ rẹ

Iná ìjọba ní Nàìjíríà, 50 Hz ni. Férémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan àti shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń ṣí pẹ́ tó fún férémù kọ̀ọ̀kan) 1/50 ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ẹni tó bá gbé e sí 30 pẹ̀lú 1/60 torí pé ó rí i nínú fídíò Amẹ́ríkà á rí ìlà dúdú tó ń gòkè tó ń sọ̀ lára ògiri, torí níbẹ̀ 60 Hz ni tiwọn. Bí oníbàárà bá fẹ́ 24, fi shutter sílẹ̀ sí 1/50. Iná olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń ṣọ̀ṣọ́ gbọ̀ngán lè máa ṣẹ́jú síbẹ̀. Máa yí shutter díẹ̀díẹ̀ títí ìlà náà á fi lọ.

Má fi auto ya lace funfun. Kámẹ́rà á rí funfun tó pọ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì dúdú bí ìkòkò. Gbé e sí manual, ojú ènìyàn ni kó o fi díwọ̀n, kó o tan zebra (ìlà tó ń yọ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù) sí 100 kó o lè mọ ìgbà tí lace bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Bí méjèèjì ò bá ṣeé mú pọ̀, pákó fóòmù funfun tí ẹnì kan dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú náà máa ń tó. Gbọ̀ngán tó kún fún iná àlùkò máa ń mú kí auto white balance (ètò tó ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀) máa yí padà bí àwọn oníjó ṣe ń kọjá: yan nọ́ńbà kan, 5600 ní ojúmọmọ, 3200 lábẹ́ gílóòbù pupa, kó o má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Aṣọ òkè tí ìlà rẹ̀ wẹ́ lè máa jó bí omi nínú àwòrán. Súnmọ́ ọn tàbí sún sẹ́yìn, ó máa ń lọ.

Láti yàrá AC bọ́ síta lẹ́yìn òjò, lẹ́ńsì á kún fún ìrì. Fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú àpò tó pa dé fún ìṣẹ́jú ogún kó o tó ṣí i. Má nu ún pẹ̀lú etí aṣọ.

Slate, pákó tí wọ́n ń pa pọ̀ níwájú kámẹ́rà, ò le: ìran, ṣọ́ọ̀tì, take, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ bá ohun tó wà lára rẹ̀ mu, kó dúró nínú àwòrán kó o tó pa á, kó má sì jìnnà jù tí wọn ò fi ní lè kà á. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, dorí rẹ̀ kodò, kó o pa á nígbà tí ìran bá parí kí wọ́n tó dá kámẹ́rà dúró. Kọ take tí olùdarí fẹ́ràn àti ìdí sínú ìwé: "take 3, ó dáa, ọkọ̀ kọjá nígbà tí bàbá ń sọ̀rọ̀".

Àkọlé ìsàlẹ̀ fídíò

Bó o bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, editor á gbé subtitle fún ẹ. Ìlà méjì ni, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju lẹ́tà 42 lọ, kó má sì pẹ́ lójú ìwòran ju ìṣẹ́jú-àáyá méje lọ. Gé ìlà níbi tí ẹnu ti ń sinmi. Tí Yorùbá bá wà nínú àkọlé náà, fi UTF-8 (ètò tó ń gba lẹ́tà alámì) pa fáìlì SRT, ìyẹn fáìlì àkọlé, mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ àti ọ́ á di pálapàla nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣí i. Fọ́ńtì náà ṣe kókó. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun méjì tí wọ́n tò léra ni lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ò sì mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n dúró: àmì á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré yọ. Noto Sans máa ń gbé e dáadáa. Kọ "ọ̀gẹ̀dẹ̀" sí i, kó o wò ó lórí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kó o tó kọ ẹgbẹ̀rún ìlà.

Kó o tó kúrò

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn ni kó o ti gbé logbook fún ọ̀gá láti fọwọ́ sí, pẹ̀lú Form 8 tí ITF bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀gá tó ń lọ ya fídíò ní ìlú mìíràn ò ní ráyè rẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Gba àṣẹ lórí ohun tó o fẹ́ mú fi hàn ní kíkọ, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp. Nínú CV rẹ, kọ ohun tó o ṣe gan-an: "olùtọ́jú káàdì, kámẹ́rà méjì", "ọ̀pá máìkì", "subtitle". Má kọ olùdarí. Àwọn tó máa pè ọ́ síṣẹ́ á pe ọ̀gá rẹ, wọ́n á bi í. Kó gbogbo hard drive padà fún wọn, pẹ̀lú ìwé tó fi ohun tó wà lórí ìkọ̀ọ̀kan hàn, kó o sì ní kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i.